Ẹni tí ó Ra Ohun tí kò Dára, àti Ẹni tí ó Pè é Padà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé wa lọ́kàn láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, a kò sì fẹ́ kí ó di ohun ìgbàgbé láìjẹ́ pé a gbé e yẹ̀wò ní ojú ìwé yìí. Ní ọdún 2020, nígbà tí ẹ̀rù bo gbogbo ayé, ekukáká ni a fi lè rí ìjọba kan tí kò kó owó ìlú jáde láti ra ọtí ìpawọ́ tí a ń pè ní sanitáísà, àti ìbòmú, àti ìbọ̀wọ́, àti aṣọ tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà fi ń bo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn pé apá kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò dára. Òmíràn ní májèlé nínú, òmíràn kò lè dá àrùn kankan dúró, a sì ní láti gbà wọ́n padà lọ́wọ́ àwọn tí a ti pín wọn fún. Ìbéèrè wa nìyí: bí ìjọba bá fi owó gbogbo ènìyàn ra ohun tí kò dára ní ọjọ́ ìpọ́njú, níbo ni ẹ̀bi rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Àti pé, kí ni ó yẹ kí àwa tí a ni owó ṣe sí ẹni tí ó jáde wá wí pé, “Ohun tí mo rà fún yín kò dára, ẹ kó o wá”? Èyí kejì ni ó ṣòro jù, a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀ràn ilẹ̀ Ireland, nítorí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ó sì jẹ́ olùkọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ náà ní ọdún 2020, ìjọba ni ó san owó sanitáísà tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ìjọba kan náà ni ó sì to orúkọ àwọn tí a lè rà á lọ́wọ́ wọn sínú ìwé. Olùkọ́ àgbà tí ó rà á kò ṣe àìgbọràn: ibi tí a ní kí ó ti rà á ni ó ti rà á. Ní oṣù October ni àṣírí tú pé ọ̀kan nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ViraPro, ní methanol nínú. Alẹ́ Thursday, ọjọ́ 22 oṣù náà, ni iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ àgbà pé kí wọ́n má ṣe lò ó mọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò lè ṣí ìlẹ̀kùn ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ó bí àwọn òbí nínú jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn àgbẹ̀, èyí tí ó ń fi àṣẹ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ti mọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀kọ́ tó gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí àwọn ọmọ ń fi pa ọwọ́.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí methanol jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìjà àwọn akọ̀wé ìjọba lásán ni èyí. Ọtí tí ó wà nínú ògógóró, tí ó sì wà nínú sanitáísà gidi, ni à ń pè ní ethanol. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ bí a ti í ṣe sanitáísà sílẹ̀ kí àrùn yìí tó dé: ethanol 80 nínú ọgọ́rùn-ún, gílísáríìnì díẹ̀ kí awọ ọwọ́ má baà gbẹ, hydrogen peroxide kínún, àti omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Methanol dà bí ìbejì ethanol lójú. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, imú náà kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí methanol bá wọ inú ara tán, a máa di oró kíkan tí ń jẹ iṣan ojú, tí ó sì lè pa ènìyàn. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó bá fi pa ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní kú. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ju bí ó ti rí lọ. Ẹni tí ó gbé e mì ni ó wà nínú ewu ńlá, àwọn ọmọdé sì ni wọ́n ń lá ìka. Láàárín oṣù May àti June ọdún 2020, ènìyàn 15 ní Arizona àti New Mexico ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a gbé dé ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n mu irú sanitáísà bẹ́ẹ̀. 4 kú, ojú àwọn mìíràn sì bàjẹ́.

Àwa ọmọ Yorùbá kò ṣe àjòjì sí oró yìí. Ní oṣù April ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣú, wọn a sì dákú. Àwọn kan wí pé òrìṣà ìlú ni ó ń bínú nítorí a fọwọ́ kan ohun inú ojúbọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ ara àwọn aláìsàn wò, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀, ògógóró tí wọ́n mu ni ó sì ti wá. Àwọn tí ó kú ju 15 lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn pàápàá ti jẹ nínú irú ìyà yìí ṣáájú. Ní ọdún 1990, ó ju ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ tí ó kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí a fún wọn ní omi oògùn paracetamol. Ohun tí a fi po oògùn náà, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ propylene glycol, diethylene glycol ni, èyí tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lójú, èkejì sì dín ní owó. Ní ọdún 1993 ni ìjọba fi òfin dá NAFDAC sílẹ̀ láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn. Síbẹ̀, ní òpin ọdún 2008, NAFDAC wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí oògùn eyín ọmọdé kan tí a ń pè ní My Pikin tún dé pẹ̀lú májèlé kan náà. Ọmọ 84 ni ó kú. Ọdún 2013 ni ilé-ẹjọ́ tó rán àwọn òṣìṣẹ́ méjì nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ìjọba rà. A mú wọn wá kí a lè rí ọ̀nà tí ibi yìí ń gbà wọlé. Ohun olówó pọ́ọ́kú tí ó jọ ohun gidi wọ inú àgbá, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ àgbá náà wò, nítorí pé olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nísinsìnyí, kí ni ó mú kí ohun ìdáàbòbò tí kò dára burú ju ọjà búburú mìíràn lọ? Bí a bá tà ọ́ ní ọkọ́ tí kò dára, oko rẹ ni yóò sọ fún ọ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní ìbòmú tí kò dára kò ní mọ̀ títí àrùn yóò fi wọlé sí i lára. Ẹni tí kò ní agbòjò mọ̀ pé òjò yóò pa òun, yóò sì yà sí abẹ́ ilé. Ẹni tí a fún ní agbòjò jíjá, tí a sì sọ fún pé ó pé, òun ni yóò jáde lọ sí àárín pápá. Nọ́ọ̀sì tí kò ní ìbòmú a máa ta kété, a sì máa pariwo títí a ó fi wá ọ̀kan fún un. Nọ́ọ̀sì tí ó ní èyí tí kò dára a máa tẹ̀ ba lé aláìsàn lórí pẹ̀lú ìgboyà. Nítorí náà ẹni tí ó pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò kàn fi owó ṣòfò. Ó ti gba ìṣọ́ra kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fún ní nǹkan, ìṣọ́ra yìí nìkan sì ni tálákà ní kí ìjọba tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ ṣe òtítọ́ sí àwọn aláṣẹ. Ní oṣù March àti April ọdún 2020, gbogbo ayé ni ó ń du ọjà kan náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ láti ilẹ̀ China. Ẹni tí ó bá ní kí òun rò ó di ọ̀la, ẹlòmíràn a ti kó o lọ. Àwọn aláìsàn ń kú, àwọn tí ń tọ́jú wọn ń kú pẹ̀lú. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í ná omi. Bí ó bá san náírà mẹ́wàá lórí garawa omi tí kò ju náírà kan lọ, kí a má ṣe pè é ní ọ̀bùn owó ní ọ̀la nígbà tí òjò bá rọ̀, tí omi sì di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ agbọ̀n ni ó rà dípò garawa, tí ó sì rà á nítorí pé àna rẹ̀ ni ó ń tà á, iná tí ń jó kò lè jẹ́ àwáwí fún un.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí a rí ìyàtọ̀ yìí kedere, nítorí pé ìṣirò owó wọn wà ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa: agboolé mélòó ni ó wà ní Alákíà tàbí ní Ẹgbẹ́dá lónìí tí kò ní ẹnìkan tí ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí alágbàtọ́jú ní London tàbí ní Manchester? Nínú ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ ìlera wọn gbé jáde ní oṣù January ọdún 2022, owó ohun ìdáàbòbò tí wọ́n rà ti jábọ́ ní 8.7 bílíọ̀nù pọ́n-ùn. Nínú èyí, 4.7 bílíọ̀nù jẹ́ nítorí pé iye owó ọjà wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rà á tán. A kò rí ẹ̀bi wọn níbẹ̀, omi ọjọ́ iná ni. Ṣùgbọ́n ohun tí owó rẹ̀ tó 673 mílíọ̀nù pọ́n-ùn kò ṣeé lò rárá, èyí tí ó sì tó nǹkan bí 2.6 bílíọ̀nù kò yẹ fún àwọn ilé ìwòsàn wọn. Ìbòmú 50 mílíọ̀nù wà nínú ohun tí wọ́n pa tì, nítorí pé okùn etí ni a fi sí i dípò okùn tí ń yí orí ká, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé kò ní lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ẹ wo bí ohun tí ó kéré ti ba ohun tí ó tóbi jẹ́! Ẹnìkan tí ó mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí a bá fún un ní ọ̀kan péré láti dán wò kí a tó san owó, ìbá ti rí okùn náà.

Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n la ọ̀nà kan lọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò tí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ tàbí mínísítà bá dárúkọ, kí ọ̀ràn tiwọn lè yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga wọn dájọ́ ní oṣù January ọdún 2022 pé ọ̀nà náà kò bófin mu. Ọ̀nà yìí ni ilé-iṣẹ́ PPE Medpro gbà wọlé, ó sì gba nǹkan bí 122 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lórí aṣọ iṣẹ́ abẹ 25 mílíọ̀nù. Ní ọjọ́ 1 oṣù October ọdún 2025 ni ilé-ẹjọ́ sọ pé kí ó dá owó náà padà, nítorí kò lè fi hàn pé aṣọ náà mọ́ tó láìní kòkòrò àrùn lára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdájọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ti gbé ara rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó agbèsè. Òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá mọ ìtumọ̀ òwe yìí.

Ní ìdí èyí, ìdáhùn wa sí ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé ìkánjú lè dá ẹni tí ó san owó púpọ̀ láre, ó tilẹ̀ lè dá ẹni tí a tàn jẹ láre, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tí ó yan ọ̀rẹ́ rẹ̀ láre, tàbí ẹni tí kò tú àpótí kan ṣoṣo wò. Kí a tú àpótí wò kò gba ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ gbogbo ọ̀ràn Kòrónà yìí dunjú. Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ kó àrùn náà ní òpin oṣù March ọdún 2020, Olódò tí kò jìnnà sí Alákíà sì ni ibùdó ìtọ́jú àwọn aláìsàn wà. Ní oṣù April ni ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ àwọn Aṣọ́bodè, fi ìrẹsì 1,800 àpò ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́ fún àwọn tí ebi ń pa nítorí ìsémọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú àwọn àpò náà, kòkòrò ni ó kún inú ìrẹsì. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò pín in. Wọ́n ní kí àwọn Aṣọ́bodè wá kó ẹrù wọn. Àwọn Aṣọ́bodè wí pé ìrẹsì náà dára nígbà tí ó kúrò lọ́wọ́ àwọn. Láìpẹ́ ọ̀rọ̀ di ti ẹgbẹ́ òṣèlú, olúkúlùkù sì mú ẹni tí yóò gbàgbọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ó wà.

A kò fẹ́ ṣe ìdájọ́ láàárín wọn. Ìrẹsì kì í ṣe ìbòmú, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan náà ni: ẹ̀bùn tí a fi orúkọ àánú pè, tí ó lè pa ẹni tí ó gbà á lára. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé ẹnìkan tú àpò wò. Ìyàwó ilé kan ní Mọ́níyà tàbí ní Èrúnmu ìbá ti ṣe ohun kan náà kí ó tó gbé ìkòkò ka iná, yóò da ìrẹsì sínú àtẹ, yóò sì fẹ́ ẹ. Ó jẹ́ ohun ìyanu pé ohun tí ìyá àgbà ń ṣe lójoojúmọ́ lè di ìròyìn nígbà tí ìjọba bá ṣe é.

Nísinsìnyí a dé orí ìbéèrè kejì. Ní ọjọ́ 22 oṣù December ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kó abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca 1,066,214 lọ sí ààtàn Gosa ní Abuja, wọ́n sì bà á jẹ́ lójú àwọn oníròyìn. Ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ni ó ta wá lọ́rẹ, nígbà tí ó kù ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé, kò sì sí bí a ti lè fi gbogbo rẹ̀ gún ènìyàn kí ó tó bàjẹ́. Dókítà Faisal Shuaib, tí í ṣe olórí àjọ tí ń rí sí ìlera alábọ́dé nígbà náà, wí pé gbangba ni àwọn ti ṣe é kí àwọn ará ìlú lè gbẹ́kẹ̀lé ohun tí ó kù. Kí ni a gbọ́ ní ọjà àti nínú ọkọ̀? Ẹ̀rín àti èébú ni. “Ẹ ò rí i? Ohun tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti ń gún fún wa!” Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fi ohun búburú hàn wá kí a má baà lò ó gba èébú tí ó yẹ ẹni tí ó fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn wé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù October ọdún 2020. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbọn Lẹ́kkí, àwọn ènìyàn já ilé-ìkẹ́rù wọ̀ ní Mazamaza ní Èkó, àti ní Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní àwọn ibòmíràn, wọ́n sì bá ìrẹsì, ìndómì, gàrí àti ṣúgà tí a kó jọ fún ìrànwọ́ Kòrónà. Àwọn ìjọba wí pé àwọn kò fi pamọ́, pé ètò pípín rẹ̀ ni kò tíì parí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sí ara ògiri pé àpò báyìí ni ó wà níhìn-ín, ọjọ́ báyìí ni a ó pín in. Nínú òkùnkùn yìí ni ìfura ti ń dàgbà, ìfura kan náà ni ó sì dúró ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Èrò wa ni pé àwa ará ìlú náà ní ẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí, ẹ̀bi tí a kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ ro ti akọ̀wé ìjọba kan tí ó jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé sanitáísà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgò tí a ti pín fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kò dára. Bí ó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá yún, a ó ní ooru ni. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò bínú, ẹni tí ó tà á yóò wá a kiri, àwa náà tí ó gbà là yóò sì pè é ní olè. Èwo ni ọmọ ènìyàn yóò yàn? Àwọn kan tilẹ̀ ti san ju èébú lọ. Ní ilẹ̀ South Africa, Babita Deokaran, tí í ṣe ìjòyè àgbà nínú ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ ìlera ní Gauteng, wà lára àwọn ẹlẹ́rìí nínú ìwádìí owó ohun ìdáàbòbò tí a kó jẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù August ọdún 2021, ó ń bọ̀ láti ibi tí ó ti lọ gbé ọmọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́, ni a yìnbọn pa á ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: bí a bá ń yin ẹni tí ó pe ohun búburú padà, olè náà yóò kọ́ láti máa jalè, kí ó sì pe ọjà padà, kí a lè pàtẹ́wọ́ fún un. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìdáhùn wa ni pé ohun méjì ni ó wà nílẹ̀, kí a má ṣe pa wọ́n pọ̀. Pípè padà ń dá ènìyàn láre nínú ọ̀ràn ìdákẹ́. Kò dá a láre nínú ọ̀ràn rírà. Kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ pé ó kìlọ̀ fún wa, kí a sì béèrè ìwé owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán, láìsí ìjà láàárín méjèèjì. Ohun tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni ìdàkejì: a ó bú u ní òwúrọ̀ títí ohùn wa yóò fi há, nígbà tí ọ̀sán bá fi máa pọ́n, ó ti rẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ìwé náà.

Ìwé náà ṣeé béèrè. Ní ọjọ́ 28 oṣù April ọdún 2020 ni àjọ IMF fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 3.4 bílíọ̀nù dọ́là fún Nàìjíríà nítorí àrùn yìí, ìjọba wa sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò gbé ìwé àwọn iṣẹ́ tí a gbé fún àwọn agbaṣẹ́ṣe jáde fún gbogbo ènìyàn láti rí.  Ẹ̀wẹ̀, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà láti ọdún 2011: ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí òun fi ń béèrè, ilé-iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ń wí pé òfin náà kò kan àwọn. Ní oṣù April ọdún 2025 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi òpin sí àríyànjiyàn yìí, pé ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ bákan náà. Ẹ sì wo ohun tí ó fa ẹjọ́ náà: ìwé ìnáwó àjọ tí ń dènà àrùn éèdì ní Ìpínlẹ̀ Edo ni àwọn ará ìlú béèrè, tí a kò fún wọn.

Ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò nílò ju ojú ewé kan lọ. Olùkọ́ àgbà ní Ẹgbẹ́dá, ní Lágelú tàbí ní Ọ̀nà Àrà tí a bá gbé sanitáísà tàbí ìbòmú wá fún lè béèrè orúkọ ẹni tí ó tà á, iye owó ìgò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ó wọ ilé-ìkẹ́rù, nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó pín in, àti ibi tí èyí tí ó ṣẹ́kù wà. Kí ó kọ ọjọ́ sí i lórí, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé tí ó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, kí ó mú ẹ̀dà náà lọ sílé, kí ó sì máa ka ọjọ́ rẹ̀.